TA NI Ó YẸ KÍ A KỌ ORÚKỌ RẸ̀ SÍ ARA ÒGIRI?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lóṣù yìí, eré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n máa ń gbá sínúkà ní ìrọ̀lẹ́ ni ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará Amẹ́ríkà ní ibì kan tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọ̀ta nínú eré náà sí, wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn nípa ẹni tí ó tọ́ sí i àti ẹni tí kò tọ́ sí i. Àríyànjiyàn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi dá sí i. Bí a ti ń gbọ́ ọ ni a rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni wọ́n ń sọ, nítorí pé ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú fẹ́ kọ orúkọ àwọn aṣáájú sí ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wa, a kò sì tí ì fi ẹnu kò lórí àwọn tí a ó kọ. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a tú ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà palẹ̀ ná, bóyá a ó rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

IRÚ ERÉ TÍ Ó JẸ́

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé àwọn ìyá wa tí wọn kò dé ilé sínúkà rí, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Púùlù ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe eré náà. Kì í ṣe púùlù tí àwọn bàbá wa fi ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Ìlú Ọba láyé ọjọ́sí o. Eléyìí, orí tábìlì ni wọ́n ti ń gbá a. Tábìlì náà ní aṣọ lórí, ó sì ní ihò mẹ́fà, mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ní àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọ̀pá gígùn ni eléré fi ń ti bọ́ọ̀lù funfun, bọ́ọ̀lù funfun ni yóò sì lọ kọlu bọ́ọ̀lù tí ó ní àwọ̀ kí ó lè wọ inú ihò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbá a pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni a nílò fún ìtàn yìí. Èkíní ni èyí tí àwọn àgbà eléré fi gba orúkọ láyé àtijọ́. Bọ́ọ̀lù 15 ni wọ́n ń tò sórí tábìlì. Eléré yóò sọ bọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ gbá àti ihò tí yóò wọ̀. Bí ó bá wọ̀ ọ́, ó gba máàkì kan. Nígbà tí ó bá ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, wọ́n á tún to 14 yòókù padà, yóò sì máa bá a lọ títí yóò fi tàsé. Èkejì ni ti bọ́ọ̀lù 9. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí tábìlì ni bọ́ọ̀lù funfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn, ẹni tí ó bá sì gbá bọ́ọ̀lù kẹsàn-án wọ ihò ni ó borí. Ẹni tí ó mọ ayò ọlọ́pọ́n yóò mọ̀ pé eré ojú ni, eré ọpọlọ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ro ibi tí bọ́ọ̀lù funfun yóò dúró sí kí ó tó ti ọ̀pá, ọ̀pẹ́ ni.

GBỌ̀NGÀN TÍ WỌ́N Ń JÀ LÉ LÓRÍ

Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Billiard Congress of America, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ni ó dá Gbọ̀ngàn Òkìkí náà sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà wọ ibẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí ó jẹ́ ọ̀ta eléré. Ọ̀nà kejì ni kí ó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi fún ìtẹ̀síwájú eré náà, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ borí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò gba ọ̀nà ti eléré lóde òní gbọ́dọ̀ ti pé ẹni 40 ọdún, kí ó sì ti fi eré náà ṣe iṣẹ́ jẹun fún ọdún 10 ó kéré tán. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ènìyàn. Níbi tí ìbò bá sì wà, ariwo kò lè ṣàì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn ẹjọ́ náà yẹ̀wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÀWỌN TÍ ENÌKAN KÒ JIYÀN LÉ LÓRÍ

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti sọ ọ̀rọ̀ tán. Nínú àwọn tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọlé ní 1966 ni Willie Hoppe àti Ralph Greenleaf. Hoppe kò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tí ó lọ sí ìlú Paris ní ọdún 1906, tí ó sì borí Maurice Vignaux, àgbà eléré àwọn ará Faransé. Eré tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní ihò rárá. Kíkàn ni bọ́ọ̀lù ń kan ara wọn lórí tábìlì. Títí di 1952 tí ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ìgbà 51 ni wọ́n kà á sí pé ó gba ipò akọni àgbáyé. Greenleaf ní tirẹ̀, láàárín ọdún 1919 sí 1937, òun ni akọni àgbáyé nínú púùlù ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Lẹ́yìn wọn ni Willie Mosconi, ọmọ ìlú Philadelphia, tí a bí ní 1913. Bàbá rẹ̀ ní ilé púùlù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ òun gbá a, ó sì ń kó bọ́ọ̀lù pamọ́ fún un. Kí ni ọmọ ṣe? Ó kó ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ sórí tábìlì ní òru, ó sì ń fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gbá wọn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tí ẹ ń dí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀! Ìgbà 15 ni Mosconi gba ipò akọni àgbáyé láàárín 1941 sí 1957. Ní oṣù kẹta ọdún 1954, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò léraléra láìtàsé ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín náà, ẹnu àwọn ọ̀dọ́ kò dákẹ́. Wọ́n ní John Schmidt, ará Amẹ́ríkà, gbá 626 ní ọdún 2019, àti pé Jayson Shaw, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbá 714 ní ọdún 2022. Wọ́n ní ṣé kò wá fi hàn pé àwọn tòde òní ju ti àtijọ́ lọ? Àwọn àgbà dá wọn lóhùn pé ẹ rọra o. Wọ́n ní Mosconi kò jókòó sí ibì kan kí ó máa gbìyànjú lójoojúmọ́ kí ó lè dá nọ́ńbà kan. Ó wá ṣeré fún àwọn ará ìlú ní alẹ́ ọjọ́ kan ni, ó sì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fèsì pé tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni Mosconi lò, nígbà tí àwọn tòde òní ń lo ti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ohun tí a rí nínú rẹ̀ ni pé a kò lè fi òṣùwọ̀n ọdún 2022 wọn ọkùnrin 1954. Ẹni tí ó bá ti ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìgbà tirẹ̀, ó ti ṣe tirẹ̀. Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́.

ẸNI TÍ Ó NÍ ÒKÌKÍ TÍ KÒ NÍ IFE

Ẹjọ́ tí ó le jù lọ rèé. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Rudolf Wanderone, sísanra ni ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí ẹnu oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1961 ni sinimá kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ The Hustler, tí wọ́n yọ láti inú ìwé tí Walter Tevis kọ ní 1959. Nínú sinimá náà ni ọ̀ta eléré kan wà tí wọ́n pè ní Minnesota Fats. Bí Wanderone ti rí èyí, ó ní òun ni wọ́n ń wí. Tevis ní irọ́ ni, òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe àpẹẹrẹ. Wanderone kò dá a lóhùn. Ó gba orúkọ náà, ó sì ń jẹ́ ẹ títí ó fi kú ní 1996.

Ọkùnrin yìí kò gba ife ẹ̀yẹ ìdíje ńlá kan rí. Síbẹ̀, gbogbo Amẹ́ríkà ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ orúkọ Mosconi mọ orúkọ Minnesota Fats. Ní ọdún 1978, wọ́n gbé àwọn méjèèjì sí iwájú tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n fi ọ̀pá sọ ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì ti lé ní 60 ọdún nígbà náà. Mosconi ni ó borí. Fats kò dákẹ́ ẹnu. Àwọn òǹwòran sì rẹ́rìn-ín títí.

Ní 1984, wọ́n kọ orúkọ Fats sí Gbọ̀ngàn Òkìkí. Ẹ̀yin kan yóò sọ pé a kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbé adìẹ. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí rẹ̀, a rí i pé ọ̀nà kejì ni wọ́n gbé e gbà, ọ̀nà ti àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ fún eré náà. Ìwọ̀nyí tí ó ń wí káàkiri ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ mọ ohun tí púùlù jẹ́. Wọn kò pè é ní ọ̀ta eléré. Wọ́n pè é ní ẹni tí ó polówó ọjà. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí ọkàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

ẸNI TÍ WỌ́N TI ÌLẸ̀KÙN MỌ́

Ìtàn tí ó wọ̀ wá lára jù lọ ni ti James Cisero Murphy. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, a bí i ní Brooklyn ní ìlú New York ní ọdún 1935. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń na àwọn àgbà. Ó gba ìdíje ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà léraléra láti 1959. Gẹ́gẹ́ bí ètò, ẹni tí ó bá lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n pè sí ìdíje àgbáyé. Wọn kò pè é. Ọdún kan kọjá, òmíràn kọjá, wọn kò pè é. Kì í ṣe nítorí pé kò mọ ọ̀n gbá. Nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni.

Nígbà tí ó di ọdún 1965, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún un, ó sì lọ sí ìdíje àgbáyé ní ìlú Burbank ní ìpínlẹ̀ California. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó máa wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ará, ó borí gbogbo wọn! Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba ipò akọni àgbáyé nínú eré náà.

Wàyí o, bí ẹni tí ń dìbò bá mú ìwé, tí ó ní kí òun ka iye ife ẹ̀yẹ tí Murphy gbà, kí òun sì ka ti Mosconi, Murphy yóò kéré níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka àwọn ọdún tí wọn kò jẹ́ kí ó wọlé? A kì í di ènìyàn lọ́wọ́ kí a tún wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo ni iṣẹ́ tí ó ṣe. Ọdún 1995 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Òkìkí, ọdún 30 lẹ́yìn tí ó borí ní Burbank. Ní 1996, ó kú. Díẹ̀ ló kù kí ó jẹ́ pé orí sàréè ni wọn ìbá ti kí i kú oríire. Àwọn bàbá wa kò purọ́ tí wọ́n ní ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Àwa tí a jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí kò ní ẹnì kan ní ìdílé rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọjá orí rẹ̀ nítorí ibi tí a ti bí baba rẹ̀. A kò wí èyí láti fi dá ìjà sílẹ̀. A wí i kí àwa fúnra wa má baà ṣe irú rẹ̀ sí ẹlòmíràn.

ÀWỌN OBÌNRIN ŃKỌ́?

Ọdún 15 ni Gbọ̀ngàn náà fi wà kí orúkọ obìnrin kan tó wọ ibẹ̀. Dorothy Wise ni ẹni náà, ní 1981. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ńlá US Open fún àwọn obìnrin ní 1967, òun ni ó gbà á, ó sì ń gbà á lọ́dọọdún títí di 1971. Ẹni tí ó gba á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọmọdébìnrin kan, Jean Balukas, ọmọ Brooklyn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Balukas nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ìdíje náà ní 1969. Láti 1972 títí di 1978, kò sí obìnrin tí ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún méje gbáko. Ní 1985, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn. Bí ó bá jẹ́ pé òfin 40 ọdún tòde òní ni wọ́n lò fún un, ìbá ti dúró ọdún 14 sí i.

Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa ní kò yẹ kí a ka ife tí obìnrin gbà lọ́wọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ti ọkùnrin. Àwọn ìyá dá wọn lóhùn pé ta ni ó ti àwọn obìnrin kúrò nídìí tábìlì tẹ́lẹ̀? Ilé púùlù láyé ìgbà náà, ibi èéfín sìgá àti ọtí ni, wọn kì í fẹ́ rí ọmọbìnrin níbẹ̀. Àwa gbà pé àwọn ìyá ni ó jàre.

ÀLEJÒ TÍ Ó DI ỌMỌ ONÍLÉ

Ẹ gbọ́ ìtàn Efren Reyes, ọmọ ilẹ̀ Philippines, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Pampanga ní 1954. Ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ tí ó ní ilé púùlù ní Manila ni ó dàgbà sí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú ọ̀sán, orí tábìlì púùlù ni ó sì ń sùn ní alẹ́. Nígbà tí gíga rẹ̀ kò tó tábìlì, orí àpótí ìgò Coca-Cola ni ó ń dúró lé. Ní 1985, ó lọ sí Amẹ́ríkà. Òkìkí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a ta owó. Kí ni ó ṣe? Ó ní Cesar Morales ni òun ń jẹ́. Nígbà tí wọn yóò fi mọ̀ pé ẹkùn ni ó wọ àárín agbo, ó ti borí wọn nínú ìdíje ní ìlú Houston.

Ní 1994, Reyes di ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gba US Open ti bọ́ọ̀lù 9. Ní 1999, ó gba ipò akọni àgbáyé ní ìlú Cardiff. Onídán ni wọ́n ń pè é. Ní 2003, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí Gbọ̀ngàn Òkìkí, ará Éṣíà àkọ́kọ́ tí ó wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Allison Fisher, ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti gba ipò akọni àgbáyé nínú sínúkà àwọn obìnrin nígbà méje ní ilé kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1995. Ó fi eré kan sílẹ̀, ó kọ́ òmíràn ní ilẹ̀ àjèjì, ó sì gba ipò akọni àgbáyé nínú ti bọ́ọ̀lù 9 nígbà mẹ́rin. Wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ ní 2009.

Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ Reyes àti Fisher pé èwo ni ìlú baba yín. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n wò. Èyí dára, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un.

ÌWÀ ŃKỌ́? OWÓ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni ìwà. Greenleaf tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọtí bà á jẹ́ púpọ̀. Earl Strickland, tí ó gba US Open nígbà márùn-ún, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lára adájọ́ àti òǹwòran. Ní 2006, wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ náà. Àwọn kan ní kò yẹ. Èrò tiwa ni pé bí ó bá jẹ́ oyè ìwà rere ni à ń pín, kí á wo ìwà nìkan. Bí ó bá jẹ́ oyè eré ni, kí á wo eré, ṣùgbọ́n kí á má purọ́ fún àwọn ọmọ wa pé ọwọ́ tí ó mọ eré ti bo àbùkù ẹnu mọ́lẹ̀. Kí á sọ méjèèjì fún wọn.

Èkejì ni àwọn tí wọ́n fi eré náà ta owó ní kọ̀rọ̀, tí kò sí ìwé tí ó kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Luther Lassiter ti North Carolina jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti 1961 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje àwọn atawó ní ìlú kékeré Johnston City ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó sì wà títí di 1972. Níbẹ̀ ni Lassiter ti jáde sí gbangba, tí gbogbo ayé fi rí i pé òtítọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní 1983. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò jáde sí gbangba, àlọ́ ni wọ́n dà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, yóò sọnù.

TIWA ŃKỌ́?

Níbi tí a fẹ́ dé rèé. Ògiri gbọ̀ngàn wa wà níbẹ̀, ó ń retí orúkọ. Àwọn kan ní kí a kọ kìkì orúkọ àwọn tí ó dá owó ńlá nígbà tí a ń kọ́ ilé. Àwọn mìíràn ní kìkì àwọn tí ó ti jẹ́ ààrẹ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní sí orúkọ obìnrin kan ṣoṣo níbẹ̀. Kò ní sí orúkọ ìyá tí ó gba àwọn àlejò tuntun sílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, tí ó fún wọn ní ẹní, tí kò gba kọ́bọ̀. Kò ní sí orúkọ akọ̀wé tí ó kọ lẹ́tà sílé fún àwọn tí kò mọ̀wé, tí ó kà èsì fún wọn, tí ó sì pa àṣírí wọn mọ́. Kò ní sí orúkọ àwọn tí ó ru òkú ará wa padà sílé nígbà tí ọ̀nà kò dára.

Nítorí náà, àwa olóòtú ìwé ìròyìn yìí dá àbá mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, kí ògiri náà ní ọwọ́ méjì bíi ti Gbọ̀ngàn àwọn ará Amẹ́ríkà: ọwọ́ kan fún àwọn tí ó fi ara ṣiṣẹ́, ọwọ́ kejì fún àwọn tí ó fi owó àti orúkọ wọn ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó dá owó, kí á yìn ín pé ó dá owó. Bí wọ́n ti ṣe ti Minnesota Fats nìyẹn: a kò fi oyè rẹ̀ dù ú, a kò sì fi oyè ẹlòmíràn fún un.

Èkejì, kí a tó ka iye iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe, kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá a ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Àwọn obìnrin kò ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi èyí dá wọn lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta, kí á má béèrè bóyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tàbí ará Ọ̀fà, tàbí Ìjẹ̀ṣà, tàbí Ìjẹ̀bú. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá lè kọ orúkọ ọmọ Philippines, ó yẹ kí àwa tí à ń sọ èdè kan náà lè fara da orúkọ ara wa.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, kí á ṣe é kíákíá. Àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ìlú yìí ti ń dín kù. Nínú ìròyìn àwọn ìdílé tí à ń tẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀yin náà rí i pé ibi tí a ti ń kéde òkú àgbà kì í ṣófo. Àwọn tí ó kù, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ ọmọ wọn dúró tì wọ́n, kí á ya fọ́tò. Ọdún 30 pẹ́ jù. Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo wa. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ rò pé ó yẹ sí ìwé, kí ẹ sọ ohun tí ó ṣe àti ọdún tí ó ṣe é, kí ẹ sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nídìí sínúkà, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ni a ó rán lọ sí ilé àwọn àgbà láti gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí ẹ bá lè mọ iye bọ́ọ̀lù tí Mosconi gbá ní 1954, kò yẹ kí ẹ má mọ ẹni tí ó gba bàbá yín sílé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí á pàdé ní ayọ̀. Ó dìgbà kan ná.